Ta Ni Ó Ni Ẹ̀bùn Ọwọ́ Rẹ?

Ẹ̀kọ́ láti inú ìgbésí ayé David Sheppard, eléré kíríkẹ́ẹ̀tì tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 4:7, Hébérù 11:24-27, Mátíù 25:14-30

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò nínú ìwé ìròyìn wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ẹ̀bùn: ẹ̀bùn ọwọ́, ẹ̀bùn ẹsẹ̀, ẹ̀bùn ọpọlọ, àti ohun tí à ń fi í ṣe. Kò sí ìdílé kan nínú ìjọ wa tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Bàbá fẹ́ kí ọmọ di dókítà, ọmọ fẹ́ di eléré ìdárayá. Ìyá ń ṣiṣẹ́ òru nítorí owó ilé, kò sì ráyè mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ lè ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó di ojú rẹ̀ sí ohun tí ó mọ̀ pé kò tọ́. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìbéèrè kan náà ni ó wà nídìí gbogbo rẹ̀: ta gan-an ni ó ni ẹ̀bùn tí ó wà lọ́wọ́ mi?

Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù bi àwọn ará Kọ́ríńtì ní ìbéèrè yìí. Wọ́n ń fọ́nnu, wọ́n ń figa gbága. Ó ní kí wọ́n sọ fún òun ohun kan péré tí wọ́n ní tí kì í ṣe pé ẹnì kan ni ó fi fún wọn. Wọn kò rí èsì fọ̀. Àwa náà kò lè rí i.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Ìtàn rẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Bọ́ọ̀sì 5 tí ó ń gba Longbridge Road wa yìí, Canning Town ni ó ń lọ. Ní Canning Town yẹn ni ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ Olúwa láti ọdún 1957 títí di 1969. David Sheppard ni orúkọ rẹ̀. Kí ó tó débẹ̀, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ orúkọ rẹ̀ nítorí eré kíríkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan nínú wa yóò ní eré àwọn aládùúgbò ni kíríkẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́, bí ẹ bá ń kọjá lẹ́bàá Barking Park ní ìgbà ooru, àwọn ọmọ tí òbí wọn wá láti Pakistan, India àti Bangladesh ni ẹ óò sábà rí nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà wa tí ó lọ sí King's College ní Èkó tàbí Government College ní Ìbàdàn, wọn yóò sọ fún yín pé àwọn náà gbá a. Láti ọdún 1904 ni Èkó ti bá Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, figagbága nínú eré yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 19 borí New Zealand nínú ìdíje àgbáyé ní Malaysia. Eré tiwa náà ni.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, báyìí ni ó rí ní ṣókí. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ó le bí òkúta, ẹnì kejì yóò fi igi pẹlẹbẹ gbá a, yóò sì máa sáré kó ayò jọ títí wọn yóò fi lé e jáde. Ẹni tí ó bá kó ọgọ́rùn-ún ayò nígbà kan ṣoṣo ti ṣe bẹbẹ. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè bá ń bá ara wọn gbá a fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọn a máa pè é ní Test. Òkè téńté eré náà nìyẹn.

Ìkíní: Ó mọ Ẹni tí ó fún un

A bí David Sheppard ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1929, ní Reigate, ní Surrey. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Ìyá ni ó tọ́ ọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dá tọ́ ọmọ nínú ìjọ yìí, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Cambridge. Ibẹ̀ ni oníwàásù ará Amẹ́ríkà kan, Donald Grey Barnhouse, ti wá wàásù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1949. Sheppard kì í ṣe kèfèrí, ó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti ilé. Ṣùgbọ́n ní àkókò ìwàásù yẹn ni ó rí i pé mímọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti fífi ara ẹni fún Jésù kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó fi ayé rẹ̀ fún Olúwa.

Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ọlọ́run kò sọ igi kíríkẹ́ẹ̀tì náà nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1950 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é láti gbá Test fún England, ó sì bá wọn lọ sí Australia ní ìparí ọdún náà. Ní 1952, ó kó ayò tí ó lé ní 2,000 láàárín ìgbà ooru kan ṣoṣo, orúkọ rẹ̀ ni ó sì ṣáájú nínú gbogbo àwọn tí ń gbá a ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1953 ó di balógun ẹgbẹ́ Sussex, wọ́n sì ṣe ipò kejì. Ní 1954, nígbà tí ara Len Hutton kò yá, Sheppard ni ó ṣe balógun England nínú ìdíje méjì pẹ̀lú Pakistan. Ẹni ọdún 25 ni nígbà náà. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ kí ó jẹ́ pé òun ni yóò kó ẹgbẹ́ England lọ sí Australia.

Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn gan-an, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Ridley Hall ní Cambridge, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di àlùfáà. Hutton ni ó kó ẹgbẹ́ lọ sí Australia. Sheppard ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ní 1955 wọ́n yà á sí mímọ́ fún iṣẹ́ Olúwa, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìjọ St Mary ní Islington. Ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń pàtẹ́wọ́ fún wá di ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn láti kí aláìsàn.

Ní 1956 wọ́n tún ránṣẹ́ pè é. Ó gba ìyọ̀ǹda, ó lọ sí pápá Old Trafford ní Manchester, ó sì kó ayò 113 lórí Australia. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbá Test lẹ́yìn tí a ti fi jẹ oyè iṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ. Nígbà tí ó ṣe tán, ó padà sí Islington.

Ẹ̀yin ará, ibi tí mo ń lọ nìyí. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣìnà lórí ẹ̀bùn. Ẹnì kan a sọ pé ẹ̀bùn náà ni ọlọ́run òun: bí wọ́n bá gba eré lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ẹni tí òun jẹ́ mọ́. Ẹnì kejì a sọ pé ti Èṣù ni gbogbo eré, kí ọmọ òun máà fọwọ́ kàn án. Sheppard kò tọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nígbà tí Olúwa ní kí ó gbé igi náà sílẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Nígbà tí àyè rẹ̀ ṣí, ó tún gbé e, ó gbá a tagbára-tagbára, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ẹni tí ó lè ṣe méjèèjì ni ó mọ̀ pé ohun àyálò ni ó wà lọ́wọ́ òun.

Ìkejì: Ó lọ gbé láàárín wọn

Ní 1957 ni ó fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Grace. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi í ṣe olórí Mayflower Family Centre ní Canning Town.

Canning Town ìgbà náà, àdúgbò àwọn tí ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mọ̀ lówùúrọ̀ bóyá àwọn yóò rí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ogun ti ba ilé jẹ́ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò kórìíra Ọlọ́run, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àwọn olówó ni ó ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ agbẹjọ́rò, ọmọ Cambridge, balógun England, ni ó wá bá wọn gbé. Ó rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan. Ó ní láti jókòó lórí àga ìdáná wọn, kí ó gbọ́ èdè wọn, kí ó sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn di aṣáájú nínú iṣẹ́ náà.

Kò rọrùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni àìsàn ọkàn kọ lu Grace. Ẹ̀rù a máa bà á débi pé ó ṣòro fún un láti jáde láàárín èrò. Ó pẹ́ lára rẹ̀. Àwa Yorùbá a máa fi irú àìsàn yìí pamọ́, a óò ní kí ayé má gbọ́. Grace kò fi pamọ́. Nígbà tí ó yá, ó kọ ìwé kan nípa rẹ̀, An Aspect of Fear, tí ó jáde ní 1989, kí àwọn tí ó wà nínú irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lè mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìjọ wa tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀, kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ lọ rí dókítà, ẹ sì jẹ́ kí a gbàdúrà pẹ̀lú yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ lórí ọ̀rọ̀ ibùgbé. Púpọ̀ nínú àdúrà wa ni pé kí Olúwa mú wa kúrò ní àdúgbò yìí. A fẹ́ lọ sí ibi tí ọgbà ẹ̀yìnkùlé ti fẹ̀, tí aládùúgbò kò ní pariwo. Ilé tó dára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀? Ẹ rántí pé àwọn ilé Becontree tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé yìí, láàárín 1921 sí 1935 ni ìjọba ìlú London kọ́ wọn, fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n há mọ́ra ní East End. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà láàárín wa: bàbá àgbà tí ó ń dá gbé, tí ó ń wò wá láti ojú fèrèsé, tí kò mọ̀ bóyá kí òun kí wa. Bí a bá ń wọ aṣọ òkè wa kọjá níwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú gbogbo fún ọdún mẹ́wàá, tí a kò kí i rí, kí ni a wí fún un nípa Jésù? Ẹ gbé abọ́ ìrẹsì kan fún un nígbà Kérésìmesì. Ẹ bi í nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń dùn ún. Iṣẹ́ Mayflower bẹ̀rẹ̀ ní irú ọ̀nà kékeré báyìí.

Ìkẹta: Ó kọ ògo tí kò mọ́

Ìwé Hébérù sọ fún wa nípa Mósè. Ààfin Fáráò ni ó ti dàgbà, ó lè jẹun ààfin títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó yàn láti bá àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ kẹ́gbẹ́. Kì í ṣe pé oúnjẹ ààfin kò dùn. Ó mọ ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí oúnjẹ náà tó dórí tábìlì.

Ní ọdún 1960, ọdún tí àwa gba òmìnira ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì Gúúsù Áfíríkà ń bọ̀ wá gbá eré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Funfun ni gbogbo ẹgbẹ́ náà. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n ń lò níbẹ̀: ènìyàn dúdú kò lè gbá eré fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, bó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gbá tó. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́pàá wọn yìnbọn pa àwọn ènìyàn 69 ní Sharpeville. Sheppard kéde ní gbangba pé òun kò ní bá ẹgbẹ́ náà gbá. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eré kò gbọdọ̀ kan ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Òun sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn ni.

Nígbà tí ó di 1968, ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i. Basil D'Oliveira, ọmọ Cape Town tí wọn kì bá tí jẹ́ kí ó ṣojú ìlú rẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀, ti wá ń gbá eré fún England. Ó kó ayò 158 lórí Australia ní The Oval ní oṣù Kẹjọ. Síbẹ̀ wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí yóò lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí ẹlòmíràn fara pa, tí wọ́n fi D'Oliveira rọ́pò rẹ̀, Vorster tí í ṣe olórí ìjọba ibẹ̀ ní àwọn kò gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìrìn àjò náà bàjẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Sheppard dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ MCC, àwọn tí ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì nígbà náà, láti sọ pé ohun tí àwọn olórí ẹgbẹ́ ṣe kò dára. Wọ́n dìbò. Ó fìdí rẹmi. Àwọn kan tí wọ́n ti jọ gbá eré láti ìgbà èwe kò bá a rẹ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kò dákẹ́. Ní 1970, nígbà tí wọ́n tún fẹ́ pe Gúúsù Áfíríkà wá, ó ṣe alága ẹgbẹ́ Fair Cricket Campaign. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún, ìjọba ní kí wọ́n fagi lé e, wọ́n sì fagi lé e. Ó ju ogún ọdún lọ kí Gúúsù Áfíríkà tó tún bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gbá Test.

Ẹ fojú inú wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin funfun kan, tí ó ní gbogbo ohun tí ó lè mú un dákẹ́, fi ọ̀rẹ́ àti iyì rẹ̀ ṣòfò nítorí àwọn ènìyàn dúdú tí kò mọ orúkọ wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti gbà jà, ta ni à ń gbà jà? Nígbà tí ọ̀gá níbi iṣẹ́ wa bá ń rẹ́ ọmọ ilẹ̀ mìíràn jẹ, ẹni tí kò gbọ́ èdè dáadáa tí kò sì mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, ṣé a ó sọ̀rọ̀, àbí a ó ní kì í ṣe ọmọ ìyá wa? Nígbà tí àwa fúnra wa bá ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo ẹ̀yà mìíràn láti Nàìjíríà, tàbí àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé òpópónà, ẹ̀lẹ́yàmẹ̀yà ha kọ́ nìyẹn?

Ìkẹrin: Ó kùnà ní gbangba, kò sì sá

Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà nítorí àwọn ọmọ wa. Ní 1962, Mayflower yọ̀ǹda rẹ̀ kí ó tún padà sí kíríkẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀. Ẹni ọdún 33 ni. Wọ́n mú un lọ sí Australia. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ń wàásù, èrò sì ń kún ṣọ́ọ̀ṣì láti gbọ́ ọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, bọ́ọ̀lù ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, bọ́ọ̀lù tí ó yẹ kí ó hán a bọ́ sílẹ̀. Àwọn òǹwòran ń fi í ṣẹ̀sín. Fred Trueman, ẹlẹ́fẹ̀ inú ẹgbẹ́ wọn, ni wọ́n ní ó sọ fún un pé kí ó ṣe bí ẹni pé ọjọ́ Àìkú ni, kí ó lè pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀!

Ní Melbourne, nígbà tí ó kọ́kọ́ gbé igi, kò rí ayò kan ṣoṣo kó. Òdo. Àlùfáà tí gbogbo ayé ń wò ni ó rìn padà ní òfo níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Nígbà tí ó tún kàn án, ó jáde sí pápá kan náà, ó sì kó ayò 113. England borí.

Ọmọ mi, ìwọ tí o fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tí o ń bẹ̀rù àti sọ fún Dádì. Ìwọ tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹgbẹ́, tí o ní o kò ní lọ mọ́: òdo tí o gbà kì í ṣe orúkọ rẹ. Jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yin òbí náà, nígbà tí ọmọ bá mú òdo wálé, ẹ má pè é ní olódo. Ẹ jẹ́ kí ó rí ẹni tí yóò gbà á mọ́ra kí ó tó tún lọ.

Ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀

Ìdíje Test 22 ni David Sheppard gbá, ó sì kó ayò 1,172, kí ó tó gbé igi sílẹ̀ pátápátá ní 1963. Wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Woolwich ní 1969, Bíṣọ́ọ̀bù Liverpool ní 1975. Ní Liverpool, níbi tí Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ti ń bá ara wọn ṣọ̀tá tipẹ́, òun àti Derek Worlock, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Kátólíìkì, di ọ̀rẹ́ tí ọ̀kan kì í dá rìn. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Toxteth ní 1981, àti nígbà tí òfò ńlá ti Hillsborough ṣẹlẹ̀ ní 1989, àwọn méjèèjì jọ dúró ti ìlú náà ni. Ó kọ ìwé kan ní 1983, Bias to the Poor, láti fi hàn pé Ọlọ́run kì í gbàgbé tálákà. Ó fẹ̀yìn tì ní 1997. Wọ́n fi í sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1998, ó sì sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2005, ó ku ọ̀la kí ó pé ẹni ọdún 76.

Ayò 1,172 wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, àwọn mìíràn sì ti kó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ohun tí kò sí nínú ìwé náà ni àwọn ìdílé Canning Town tí wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́run kò gbàgbé àwọn nítorí pé ẹnì kan wá bá wọn gbé.

Ọ̀rọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan

Ẹ̀yin òbí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ kì í ṣe owó tí a fi pamọ́ sí báńkì láti fi san gbèsè àlá wa. Bí ó bá ní ẹ̀bùn eré, ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, kódà kí ó jẹ́ iṣẹ́jú 20 lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Bí wọ́n bá fi eré rẹ̀ sí àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ má fi ègún dá a lóhùn. Ẹ lọ bá olùkọ́ wọn sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ béèrè ti ọjọ́ Sátidé. Ìjọsìn ṣe pàtàkì, a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ dàgbà kí ó máa rò pé Ọlọ́run ni olè tí ó jí ayọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iwé yín náà wà nínú ẹ̀bùn. Sheppard kò torí eré fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: bí Olúwa bá ní kí n gbé èyí sílẹ̀ lọ́la, ǹjẹ́ mo lè gbé e sílẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń kà á tí yóò sọ pé: Sheppard fínnúfíndọ̀ gbé tirẹ̀ sílẹ̀ ni. Tèmi, ìlú yìí ni ó gbà á lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ ni mí nílé, ìgbálẹ̀ ni mo ń gbá ní London. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Arákùnrin, arábìnrin, mo gbọ́ ẹ, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo egbò náà. Iṣẹ́ tí o ń ṣe kì í ṣe ìtìjú, òun ni ó ń bọ́ ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n nínú òwe tálẹ́ńtì, ẹni tí ó ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ bá wí. Kò bá a wí nítorí pé tirẹ̀ kéré. Yọ ìwé ẹ̀rí náà kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Béèrè bí wọn yóò ṣe kà á sí níhìn-ín. Títí ìyẹn yóò fi bọ́ sí i, àwọn ọmọ wà nínú ìjọ wa tí ìṣirò ń yọ lẹ́nu, àwọn àgbà sì wà tí wọn kò lè kọ lẹ́tà sí ìjọba. Ẹni tí ó ni ẹ̀bùn rẹ kò tíì gbàgbé pé Òun fi í sí ọ lọ́wọ́.

Nígbà oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Àìkú yìí, kí olúkúlùkù nínú ilé, bàbá, ìyá àti ọmọ, sọ ẹ̀bùn kan tí ó rí lára ẹlòmíràn nínú ilé náà. Kí bàbá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà

Bàbá wa, a dúpẹ́ fún gbogbo ohun tí O fi sí wa lọ́wọ́. Dárí jì wá níbi tí a ti pè é ní tiwa. Fún àwọn òbí ní ojú láti rí ọmọ wọn bí O ti dá a. Fún àwọn ọmọ wa ní ìgboyà láti jáde lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìṣubú. Rántí ẹni tí ẹ̀rù ń bà àti ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ ń sùn. Là wá lóhùn nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Jẹ́ kí àwọn ará Longbridge mọ̀ pé ìjọ kan wà láàárín wọn tí ó mọ orúkọ wọn. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa ni a gbàdúrà. Àmín.